Òṣùpá àti Owó Ṣéà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà sọ

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ẹ̀yin gan-an ni ẹ bi wá. Ìbéèrè yín nìyí: "Ṣé òótọ́ ni pé òṣùpá ń darí owó ọjà ṣéà? Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá rà nígbà tí oṣù bá jẹ́ tuntun, tí ó sì tà kí òṣùpá tó di àrànmọ́jú, yóò jèrè ju ẹlòmíràn lọ?"

Ìbéèrè rere ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Owó àjọ wà nínú rẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé òun mọ ọjọ́ tí owó yín yóò bí owó, ó yẹ kí ẹ mọ bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò kí ẹ tó tú àpò. Ìdí tí a fi ń kọ́ ìwé nìyẹn. Kì í ṣe kí ènìyàn lè kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Kí ó lè kọ ohun tí wọ́n sọ fún un sílẹ̀, kí ó kà á, kí ó sì rí i bóyá òótọ́ ni.

KÍ NI ṢÉÀ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́, olúkúlùkù wọn ní ìpín nínú ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀rọ bá pa owó wọlé, wọn a pín in. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, gbogbo wọn ni yóò dùn. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ ńlá ni à ń pè ní ṣéà. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá yẹn bá fẹ́ jáde, ó lè ta ìpín tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ibi tí a ti ń ta irú ìpín bẹ́ẹ̀, tí a sì ti ń rà á, ni ọjà ṣéà.

Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1960 ni a dá ọjà yìí sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1961 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í ṣe ọjà tí à ń pàtẹ. Ẹ kò lè débẹ̀ kí ẹ máa ná ṣéà bí ẹni ń ná iṣu. Alágbàtà tí ó ní ìwé-àṣẹ ni yóò bá yín rà á, òun náà ni yóò bá yín tà á, yóò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Kí ni ń mú owó ṣéà lọ sókè? Bí àwọn tí ó fẹ́ rà bá pọ̀ ju àwọn tí ó fẹ́ tà lọ, owó rẹ̀ a gòkè. Bí àwọn tí ó fẹ́ tà bá pọ̀ jù, a wálẹ̀. Bí ti tòmátì náà ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òṣùpá ń mú owó ṣéà gòkè, ohun tí ó ń sọ ni pé òṣùpá ń yí ọkàn àwọn tí ń rà àti àwọn tí ń tà padà. Ǹjẹ́ òṣùpá lè ṣe bẹ́ẹ̀?

IṢẸ́ TÍ ÒṢÙPÁ Ń ṢE NÍ TÒÓTỌ́

Òṣùpá kì í ṣe aláìlágbára. Òun ni ó ń fa omi òkun. Àwọn apẹja etí òkun mọ̀ pé omi a máa kún, a sì máa fà, lójoojúmọ́. Wọ́n tún mọ̀ pé nígbà tí oṣù bá jẹ́ tuntun àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, kíkún àti fífà náà a máa pọ̀ ju ti ìgbà yòókù lọ. Ìyẹn kì í ṣe ìtàn àlọ́. Ẹni tí ó bá ri igi mọ́lẹ̀ létí omi, tí ó ń fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí omi dé lójoojúmọ́, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Òṣùpá a sì tún máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ọjà alẹ́. Kí iná mànàmáná tó dé, ẹni tí ó ń ta ẹ̀kọ lálẹ́ mọ̀ pé alẹ́ òṣùpá yàtọ̀ sí alẹ́ òkùnkùn. Àwọn Mùsùlùmí ń fi oṣù mọ ìgbà tí àwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí. Nínú gbogbo ọ̀ràn wọ̀nyí, a lè tọ́ka sí ọ̀nà tí òṣùpá gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn: ó fa omi, ó tan ìmọ́lẹ̀, ó jẹ́ kí a ka ọjọ́.

Ọjà ṣéà ńkọ́? Ọ̀sán ni wọ́n ń ná an. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ná an nísinsìnyí. Kò sí omi òkun níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń wá ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni ọkàn ènìyàn.

Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn ènìyàn gbà pé òṣùpá àrànmọ́jú a máa da orí ènìyàn rú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pe wèrè, tí ó ti inú orúkọ òṣùpá ní èdè Látìnì wá. Ní 1985, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, James Rotton àti Ivan Kelly, kó ìwádìí 37 jọ tí àwọn ènìyàn ti ṣe lórí òṣùpá àti ìwà ènìyàn. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ àwọn tí a gbé lọ sí ilé ìwòsàn wèrè. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ ìpànìyàn àti ìwà ọ̀daràn mìíràn. Wọn kò rí i pé òṣùpá ní ọwọ́ kan tí ó tó nǹkan nínú rẹ̀.

Lóòótọ́, ní 2013, àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Switzerland sọ pé àwọn ènìyàn 33 tí àwọn ṣọ́ nígbà tí wọ́n ń sùn fi nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú dín oorun wọn kù ní àkókò àrànmọ́jú. Ṣùgbọ́n ènìyàn 33 kò pọ̀. Ká tilẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀, ọ̀nà jìn púpọ̀ láti orí oorun 20 ìṣẹ́jú dé orí iye tí a ń ta ṣéà.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI WÁ

Àwọn tí ń polówó òṣùpá kò sọ ọ́ láti inú afẹ́fẹ́ lásán. A kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn pẹ̀lú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan ní Amẹ́ríkà, Ilia Dichev àti Troy Janes, gbé ìwé kan jáde ní 2003. Wọ́n kó iye owó ṣéà ní Amẹ́ríkà fún 100 ọdún jọ. Wọ́n tún kó ti ilẹ̀ 24 mìíràn fún 30 ọdún. Wọ́n pín ọjọ́ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni ọjọ́ 15 tí ó yí oṣù tuntun ká, èyíinì ni ọjọ́ méje ṣáájú, ọjọ́ náà gan-an, àti ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ọjọ́ 15 tí ó yí àrànmọ́jú ká. Wọ́n rí i pé èrè tí ó wà ní ìgbà oṣù tuntun tó ìlọ́po méjì èrè ìgbà àrànmọ́jú.

Ní 2006, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta mìíràn, Kathy Yuan, Lu Zheng àti Qiaoqiao Zhu, wo ọjà ṣéà ní ilẹ̀ 48. Wọ́n rí ohun tí ó jọ ti àwọn ti ìṣáájú. Wọ́n ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbà méjèèjì tó náírà 3 sí 5 lórí 100 náírà láàárín ọdún kan.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìyókù ohun tí wọ́n kọ, nítorí pé àwọn tí ń polówó kì í kà á dé ibẹ̀. Dichev àti Janes wò ó bóyá iye ṣéà tí àwọn ènìyàn ń rà àti èyí tí wọ́n ń tà ń yí padà pẹ̀lú òṣùpá. Kò yí padà ní ọ̀nà tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n wò ó bóyá ọjà a máa ru gùdù ní àkókò kan ju òmíràn lọ. Wọn kò rí i. Wọ́n wo ìwé gbèsè tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ń tà, wọn kò rí ọwọ́ òṣùpá nínú rẹ̀. Bí òṣùpá bá ń da ọkàn àwọn oníṣòwò rú, ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ṣé kò yẹ kí ó hàn nínú iye tí wọ́n ń rà àti iye tí wọ́n ń tà?

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní oṣù tuntun yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí àwa ń pè ní "oṣù lé". Tiwọn ni ìgbà tí òṣùpá wà nínú òkùnkùn pátápátá, tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Tiwa ni ìgbà tí a bá rí i bí èékánná lójú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn náà. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí, tí ó ń fi òṣùpá ta ṣéà fún yín, kò tíì ka ìwé tí ó ń tọ́ka sí.

ỌJỌ́ TÍ ỌJÀ WÓ

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ mẹ́ta tí ọjà ṣéà wó ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí gbogbo ayé gbọ́. Kí a wo ibi tí òṣùpá wà.

Ní 28 àti 29 Oṣù Kẹwàá ọdún 1929, ọjà wó ní New York. Ní ọjọ́ kìíní, ó ju náírà 12 lọ tí ó sọnù nínú 100. Ní ọjọ́ kejì, ó ju 11 lọ. Ìyà tí ó tẹ̀lé e kò mọ sí Amẹ́ríkà nìkan. Ibo ni òṣùpá wà? Oṣù tuntun bọ́ sí 1 Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí òṣùpá tilẹ̀ dí oòrùn lójú. Èyí jẹ́ pé inú ìgbà tí wọ́n ní ó dára ni ọjà ti wó.

Ní 19 Oṣù Kẹwàá ọdún 1987, ọjà tún wó. Ó ju 22 lọ nínú 100 tí ó sọnù ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Oṣù tuntun bọ́ sí 22 oṣù náà. Inú ìgbà tí ó dára náà ni.

Ní 16 Oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, ó tó 13 nínú 100 tí ó sọnù ní ọjọ́ kan. Àrànmọ́jú ti bọ́ sí 9 oṣù náà. Ọjọ́ keje lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Inú ìgbà tí wọ́n ní kò dára ni.

Kí ni a rí kọ́? Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Háà! Oṣù tuntun gan-an ni ó burú." Rárá o. Ọjọ́ mẹ́ta kò tó láti fi dá ẹjọ́. Bí ó ti jẹ́ pé a kò lè fi ọjọ́ mẹ́ta sọ pé oṣù tuntun burú, bẹ́ẹ̀ náà ni a kò lè fi ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnì kan jèrè sọ pé oṣù tuntun dára. Nígbà tí ẹnì kan bá mú ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún wá bá yín, tí gbogbo rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ó fẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Àwọn ọjọ́ yòókù dà?"

OṢÙ MÉJÌ NI A NÍ

Èdè wa fún wa ní ìdẹkùn kan níhìn-ín. Orúkọ kan náà ni à ń pe oṣù tí ó wà lójú ọ̀run àti oṣù tí ó wà nínú kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Oṣù ojú ọ̀run jẹ́ ọjọ́ 29 àti ààbọ̀, láti tuntun dé tuntun. Oṣù kàlẹ́ńdà jẹ́ ọjọ́ 30 tàbí 31, àfi Oṣù Kejì. Oṣù ojú ọ̀run 12 jẹ́ ọjọ́ 354. Ọdún kàlẹ́ńdà jẹ́ ọjọ́ 365. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ọjọ́ 11. Ìdí nìyí tí àwẹ̀ Ramadan fi ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí lọ́dọọdún. Nígbà mìíràn a bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà mìíràn a bọ́ sí ìgbà òjò.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú owó? Oṣù kàlẹ́ńdà ni a fi ń san owó oṣù fún òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà mọ̀ ọ́n. Ní ìparí oṣù, owó wà lọ́wọ́ ènìyàn, ọjà a yá. Ní àárín oṣù, ọjà a dákẹ́. Bí oṣù tuntun ojú ọ̀run bá wá bọ́ sí ìparí oṣù kàlẹ́ńdà fún ìgbà bíi mélòó kan, ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ wò ó, nígbà tí òṣùpá wà nínú òkùnkùn ni mo tà jù." Kì í ṣe òṣùpá. Owó oṣù ni. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe ọdún kan ààbọ̀, oṣù tuntun yóò ti sún dé àárín oṣù kàlẹ́ńdà. Ìgbà náà ni yóò mọ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tí a dárúkọ wọn mọ ìdẹkùn yìí, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó wá bá yín ní ìdí àtẹ, ẹ bi í bóyá òun náà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ

Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé gbogbo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rí jẹ́ òótọ́, àti pé yóò tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ǹjẹ́ ó lè bọ́ ènìyàn kékeré?

Ẹ kọ 100,000 náírà sílẹ̀. Ẹ mú iye tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí, èyíinì ni 5 lórí 100. Ó jẹ́ 5,000 náírà ní ọdún kan.

Kí ẹ lè rí i gbà, ẹ ní láti rà nígbà oṣù tuntun, kí ẹ sì tà nígbà àrànmọ́jú, ní ìgbà 12 lọ́dún. Alágbàtà yóò gba owó nígbà tí ẹ bá rà. Yóò tún gbà nígbà tí ẹ bá tà. Ẹ jẹ́ kí a fi í sí i pé náírà kan péré lórí 100 ni gbogbo ìnáwó náà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Rírà jẹ́ 1,000 náírà. Títà jẹ́ 1,000 náírà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,000 náírà lóṣù kan. Ní oṣù 12, ó jẹ́ 24,000 náírà.

Ẹ fi 5,000 sí apá kan, kí ẹ fi 24,000 sí apá kejì. Ta ni ó jèrè? Alágbàtà ni. Ẹ̀yin fi 19,000 náírà ṣòfò.

Ó tún ku ẹyọ kan. Wọ́n sọ pé èrè ìgbà oṣù tuntun jẹ́ ìlọ́po méjì èrè ìgbà àrànmọ́jú. Wọn kò sọ pé àdánù ni ó wà ní ìgbà àrànmọ́jú. Èrè ni, kò kàn tó èkejì. Bí ìgbà kan bá mú náírà méjì wá, tí ìgbà kejì mú náírà kan wá, ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ yóò ní náírà mẹ́ta. Ẹni tí ń sá wọlé, tí ń sá jáde, yóò ní náírà méjì, yóò sì tún san owó alágbàtà nínú rẹ̀. Ìṣirò ọmọ ilé-ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n ó tó láti gba owó àjọ yín là.

ỌGBỌ́N ONÍJÌBÌTÌ

Ẹnì kan lè sọ fún wa pé, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ fi ìṣirò sílẹ̀. Ọkùnrin yìí sọ fún mi nígbà mẹ́rin, ó sì ṣẹ nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ẹ jẹ́ kí a fi hàn yín bí oníjìbìtì ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ nígbà mẹ́rin kí ó sì ṣẹ, láìmọ ohunkóhun.

Ó wá nọ́ńbà tẹlifóònù ènìyàn 1,600. Ní oṣù tuntun kìíní, ó kọ ìwé sí 800 nínú wọn pé, "Òṣùpá fi hàn mí pé ṣéà yóò gòkè." Ó kọ sí 800 yòókù pé, "Òṣùpá fi hàn mí pé ṣéà yóò wálẹ̀." Ọ̀kan nínú rẹ̀ kò lè ṣàì ṣẹ. Ó fi àwọn 800 tí tiwọn kò ṣẹ sílẹ̀. Wọn kò ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kejì, ó pín 800 tí ó kù sí 400 àti 400. Ó sọ fún àwọn kan pé yóò gòkè, ó sọ fún àwọn kejì pé yóò wálẹ̀. Ní oṣù kẹta, ó pín 400 sí 200 àti 200. Ní oṣù kẹrin, ó pín 200 sí 100 àti 100.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ènìyàn 100 wà tí ó sọ fún nígbà mẹ́rin, tí ó sì ṣẹ nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú àwọn 100 yìí, wòlíì ni. Ìgbà yìí ni yóò wá sọ fún wọn pé, "Ẹ kó owó yín wá." Wọn yóò sì kó o wá, nítorí pé wọn kò mọ̀ nípa àwọn 1,500 tí ó ti jù sẹ́yìn.

Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ó jẹ́ oníjìbìtì. Bí ènìyàn 1,600 bá ń méfò fúnra wọn pẹ̀lú ọkàn mímọ́, nǹkan bí 100 nínú wọn lè gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìṣì í. Àwọn 100 wọ̀nyí yóò gbà pé àwọn ní ọgbọ́n. Oríire lásán ni.

OHUN TÍ Ó WÓ ỌJÀ WA NÍ 2008

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà rántí. Láti 2004, a pàṣẹ pé kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdókòwò tí kò dín sí bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí ta ṣéà fún gbogbo ènìyàn. Ṣéà ń gòkè lójoojúmọ́. Àwọn kan ta ilẹ̀ láti fi ra ṣéà. Àwọn kan yá owó ní báǹkì láti fi rà á.

Ní Oṣù Kẹta 2008, òǹkà tí a fi ń wọn gbogbo ọjà náà ti kọjá 66,000. Ní Oṣù Kẹta 2009, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Èyí já sí pé ẹni tí ó ní 100 náírà nínú ọjà ní ìgbà kìíní kò ní ju nǹkan bí 30 náírà lọ ní ìgbà kejì.

Láàárín ọdún kan yẹn, òṣùpá di tuntun ní nǹkan bí ìgbà 12, ó sì di àrànmọ́jú ní nǹkan bí ìgbà 12. Ọjà wálẹ̀ bí òṣùpá ti wà, ó wálẹ̀ bí kò ti sí. Ohun tí ó wó o ni pé iye tí a ń ta ṣéà ti kọjá ohun tí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń pa wọlé. Àwọn tí ó fi gbèsè rà á ní láti tà á tipátipá. Wàhálà owó dé bá gbogbo ayé ní 2008, àwọn àlejò tí ó kó owó wá sì kó owó wọn lọ. Ní Oṣù Kẹjọ 2009, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọ ọ̀gá àgbà báǹkì márùn-ún kúrò nípò ní ọjọ́ kan, nítorí gbèsè burúkú tí ó kún inú báǹkì wọn.

Gbogbo èyí ni ó wà lórí ilẹ̀, kò sí lójú ọ̀run. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìròyìn, tí ó bá béèrè pé, "Kí ni ilé-iṣẹ́ yìí ń ṣe? Èló ni ó ń pa? Èló ni ó jẹ?" yóò rí nǹkan kan. Ẹni tí ó gbójú sókè tí ń wo òṣùpá kò ní rí i.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè yín nìyí. Nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé rí ìyàtọ̀ kékeré kan láàárín ìgbà oṣù tuntun àti ìgbà àrànmọ́jú. Kò tíì sí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ hàn. Ìyàtọ̀ náà kò sì tó láti san owó alágbàtà, ká má tíì sọ pé yóò bọ́ ọmọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi òṣùpá ra ṣéà. Ẹ má sì ṣe san owó fún ẹnikẹ́ni kí ó lè máa fi òṣùpá rà á fún yín.

Bí ẹnì kan bá wá bá yín, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí.

Èkíní: Ẹ kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ọjọ́ tí ó sọ ọ́, ohun tí ó sọ, ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa yí padà. Ìwé kì í yí padà.

Èkejì: Ẹ ka gbogbo rẹ̀, èyí tí ó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ. Ẹ jẹ́ kí ó tó oṣù 12, ó kéré tán, kí ẹ má sì fi kọ́bọ̀ kan sí i. Bí ó bá ń kán yín lójú pé, "Àǹfààní yìí ń lọ," ẹ rántí pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ẹ̀kẹta: Ẹ yọ ìnáwó kúrò kí ẹ tó pe nǹkan ní èrè. Ẹ ti rí ohun tí 24,000 ṣe sí 5,000.

Ẹ̀kẹrin: Bí ẹ bá fẹ́ ra ṣéà lóòótọ́, ẹ lọ bá alágbàtà tí ó ní ìwé-àṣẹ. Àjọ ìjọba tí ń jẹ́ SEC ni ó ń ṣọ́ wọn. Ẹ ní kí ó fi ìwé-àṣẹ rẹ̀ hàn yín, kí ẹ kà á fúnra yín. Ẹ rí i pé orúkọ yín ni a fi kọ ṣéà náà, kì í ṣe orúkọ ẹlòmíràn. Owó oúnjẹ, owó ilé-ìwé àti owó tí ẹ yá, ẹ má fi ra ṣéà. Owó tí ẹ lè fi sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan láìwá a ni kí ẹ fi rà á.

Àwọn àgbà ní, "Oṣù lé, ẹ ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kí ó tún un ṣe." Ọwọ́ wa kò tó òṣùpá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa tó ìwé, ó tó lẹ́ẹ̀dì, ó sì tó àpò tí owó wa wà. Ẹ jẹ́ kí a tún èyí tí ọwọ́ wa tó ṣe.

IṢẸ́ FÚN ILÉ

1. Oṣù ojú ọ̀run jẹ́ ọjọ́ mélòó? Oṣù tí a wà nínú rẹ̀ yìí, nínú kàlẹ́ńdà, jẹ́ ọjọ́ mélòó?

2. Bí ẹ bá ní 50,000 náírà, tí ìnáwó rírà jẹ́ náírà kan lórí 100, tí ti títà náà jẹ́ náírà kan lórí 100, èló ni ẹ ó san bí ẹ bá rà tí ẹ sì tà nígbà 12?

3. Ẹni tí ó kọ ìwé sí ènìyàn 1,600, bí ó bá ṣe é dé oṣù karùn-ún, ènìyàn mélòó ni yóò kù tí yóò máa pè é ní wòlíì?

4. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà, ẹ kọ iye tí ẹ tà lójoojúmọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ sàmì sí ọjọ́ oṣù tuntun àti ọjọ́ àrànmọ́jú. Ẹ sàmì sí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ gba owó oṣù pẹ̀lú. Kí ni ẹ rí? Ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì kí a jọ kà á.